Bí ẹ ṣe lè sọ yàrá kan ní ilé-ìwé ìjọba di ibi tí ọmọ ti ń fi ìmọ̀ ṣiṣẹ́

Fóònù ni mo ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí. Ilé-ìwé ìjọba làwọn ọmọ mi ń lọ, torí náà mo wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sì ti jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ọrùn mi ni wọ́n ń gbé e kọ́. A ti ní yàrá kan báyìí tí ogún fóònù àlòkù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ oòrùn ló ń fún wọn níná. Àwọn òbí láti Òkè-Báálẹ̀ àti Alékúwodò ń wá bi mí bí a ṣe ṣe é, mo sì ti rò ó títí ẹnu ń ro mí. Ẹ gbà á kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé gbólóhùn tí ìjọba ń sọ yẹn wálẹ̀, pé a fẹ́ ọrọ̀-ajé tó dá lórí ìmọ̀. Ní 1907 tí rélùwéè wọ Òṣogbo, ẹrù ló ń mú owó wá. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó kòkó làwọn oníṣòwò wá dó sí. Lónìí, ìlú yìí kan náà ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbé irin. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò tọ̀sán-tòru: iye iná tí àwọn ẹ̀rọ ń pèsè, iye tí àwọn ìlú ń fà, àti bóyá hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tíì yẹ̀ kúrò ní 50. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fà á, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa pè. (Pé àwa tó wà nítòsí wọn ń sùn nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Iṣẹ́ ìmọ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹn. Wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n ń béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn á fi lè lò ó.

Ọmọ tó bá ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ á wúlò fún un. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, tábílẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ láyé, géèmù ni yóò fi gbá. Òun ni mo fi máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń kówó jọ pé kí wọ́n má tíì lọ sọ́jà. Òṣun yìí kan náà ló pín tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní 2013 lábẹ́ gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Èrò tó jinlẹ̀ ni, ó sì ṣáájú àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi èmi tí mo ń jókòó ti tábìlì àtúnṣe: ẹ̀rọ yòówù tó bá ń bá ọmọ lọ sílé lójoojúmọ́, ẹnu ibi tí a ń ti ṣájà bọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà gíláàsì ojú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà á gbó, bí kò bá sí ẹni tó ń fi tuntun sí i. Torí náà, tiwa ò kúrò nínú yàrá, ibì kan ṣoṣo la sì kó gbogbo ẹ̀kọ́ sí.

Ẹni tó máa di kọ́kọ́rọ́ mú

Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́, kí ẹ sì fún SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àbójútó ilé-ìwé pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, ní ẹ̀dà tiwọn. Bí ọ̀gá bá ní àfi kí òun gba àṣẹ láti Abéèrè, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ẹ bá a kọ lẹ́tà náà, ẹ bá a gbé e lọ. Kò sí ohun tó ń pa iṣẹ́ bí kí ọ̀gá tuntun dé kó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ wọn léraléra.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá olùkọ́ kan tó fẹ́ ẹ. Ọ̀kan péré. Tí ẹ bá ní kí gbogbo olùkọ́ wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á wá, wọ́n á jẹ mííti-páì, wọ́n á lọ. Tiwa jẹ́ tíṣà ìṣirò kan tó ti ń fi fóònù ara rẹ̀ ya ìbéèrè fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn táàmù kan, àwọn yòókù ló ń bá a ṣe àdéhùn ìgbà tí àwọn náà máa lo yàrá.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta: ti ọ̀gá, ti olùkọ́ yẹn, àti ti ọmọ ilé-ìwé kan tó jẹ́ olórí yàrá. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan ló wà, ọjọ́ tí ọ̀gá bá lọ ìpàdé, yàrá ti kú nìyẹn. Ẹ fi irin sójú fèrèsé. Èmi fi áyọ̀nù gbígbóná tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ilé-ìwé sẹ́yìn fóònù kọ̀ọ̀kan, ó sì jinlẹ̀ débi pé kò ṣeé fi nǹkan họ kúrò. Olè tó bá gbé e, kò sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọláìyá.

Iná

Ibí lowó ti ń jò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ nílò ínfátà ńlá àti bátìrì mẹ́rin. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà fúnra yín. Kódà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ SS2 ṣírò rẹ̀ nínú kíláàsì físíìsì.

Àpótí tó ń gbé ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí mo máa ṣàlàyé níwájú, pẹ̀lú ráútà tó ń tan Wi-Fi rẹ̀, kì í jẹ ju wáàtì 15 lọ. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5 lójúmọ́, wáàtì-wákàtí 75 nìyẹn. Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára ń gba nǹkan bí wáàtì-wákàtí 19. Tí ogún fóònù bá gbẹ pátápátá, 380 nìyẹn. Ẹ fi díẹ̀ lé e fún èyí tó máa ṣòfò nínú ṣájà àti wáyà, ẹ pè é ní 450. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 525. Bátìrì fólítì 12 tí wọ́n kọ 100 Ah sí ní 1,200 nínú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tó ń lo ásíìdì, ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó kọjá ìdajì kó má baà tètè kú. 600 ló kù fún yín, ó sì tó. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 200, tí oòrùn bá mú un dáadáa fún wákàtí 4, á mú 800 wá, nínú èyí tí nǹkan bí 600 á wọ bátìrì. Ìyẹn náà tó, àfi láàárín Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà tí ojú ọ̀run máa ń ṣú. Nígbà yẹn, ẹ ṣájì ìdajì fóònù lónìí, ẹ ṣájì ìdajì tó kù lọ́la.

Bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná láàárín wọn, ni gbogbo rẹ̀. Ínfátà ńkọ́? Ẹ ò nílò rẹ̀. Ṣájà inú mọ́tò, àwọn tí wọ́n ń kì bọ ibi ìtanná sìgá, fólítì 12 ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì lè gbára láti ara bátìrì tààrà. Mo pa mẹ́fà pọ̀ sórí pátákó kan. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó ti ara bátìrì jáde, kó sì sún mọ́ bátìrì gan-an. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, yàrá ọmọ ni.

Àpótí náà

Raspberry Pi ni kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń lò. Ó ti wà lọ́jà láti 2012, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹ ò bá rí i rà, laptop tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé díẹ̀ á ṣe é, àmọ́ iná tó máa jẹ á tó ìlọ́po méjì, ẹ ó sì nílò ínfátà kékeré kan. Ẹ gbé Kolibri sórí rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ ni, àjọ kan tó ń jẹ́ Learning Equality ló ṣe é fún irú ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tiwa. Ọmọ á so fóònù mọ́ Wi-Fi yàrá náà, á ṣí Chrome, á tẹ àdírẹ́sì tí ẹ ti lẹ̀ mọ́ ògiri, á sì fi orúkọ rẹ̀ wọlé. Kò sí dátà tó ń lọ. Olùkọ́ á máa rí lójú ẹ̀rọ tirẹ̀ ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ àti ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ kùnà. Mo rí i pé ohun kejì yẹn làwọn olùkọ́ fẹ́ràn jù, nítorí ó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún kọ́ lọ́la fún wọn.

Ẹ gbé Kiwix, ètò tó ń ṣí Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i pẹ̀lú, kí Wikipedia lè wà níbẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì lódindi pẹ̀lú àwòrán tó nǹkan bí 100 GB. Ti Yorùbá kéré sí i gan-an, ẹ má fi sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti fídíò ẹ̀kọ́ Khan Academy, ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Ẹ mú skíìmù táàmù náà, ìwé tí wọ́n to ẹ̀kọ́ sí, lọ́wọ́, kí olùkọ́ fi báírò fa ìlà sí orí-ọ̀rọ̀ tó fẹ́, ìyẹn nìkan ni kí ẹ gbé wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n kó ohun tó pọ̀ wá, tí ọmọ ò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Fóònù la bẹ àwọn òbí fún. Èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, mo gbà á. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú, mo gbà á, àmọ́ mo máa ń yọ bátìrì náà sórí yanrìn lójú ẹsẹ̀, ọmọ kankan ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí tí nǹkan ṣóńṣó bá gún un, iná ló máa sọ. Èyí tí Android inú rẹ̀ ti gbó jù kò ní ṣí ojú ewé náà, ẹ dán an wò lójú ẹni tó mú un wá. Kí ẹ tó gbé fóònù kankan wọ yàrá, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú olóhun. Àwòrán ìyàwó ẹni ò yẹ kó bá ẹni dé kíláàsì.

Nínú kíláàsì

Ọmọ mẹ́ta sí fóònù kan. Àwọn kan rò pé àìtó ló fà á, ṣùgbọ́n ká ní mo ní ọgọ́ta fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ṣe é. Ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń béèrè pé "kí ló dé?", kí wọ́n sì máa pààrọ̀. Ẹni tó ń béèrè yẹn ni kí olùkọ́ máa wò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́ ní Yorùbá. Àwọn òbí kan máa ń binú sí mi níbí, wọ́n á ní ọmọ wọn ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń rán wọn létí pé Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ohun tó bá ti yé ọmọ ní èdè ilé rẹ̀, á wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi sọ ọ́.

Fún ti JAMB, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò wọn ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ tó bá sì ń wá kọ́kọ́rọ́ orí pátákó ìtẹ̀wé ti pàdánù àkókò. Bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ló máa lò bí kò bá mọ máòsì í dì mú: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti fòpin sí ìdánwò, R láti yí ọkàn padà lórí S. Ẹ wá kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, ẹ fi lẹ́ẹ̀bù pupa sórí mẹ́jọ náà, kí wọ́n máa fi ṣeré nígbà ìsinmi.

Ọjà

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, kò sì ní wáyà lára.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú àgbàlagbà kan á lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà, mẹ́fà mìíràn á lọ sí Ọjà Ọba. Iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti àgbàdo ni wọ́n ń lọ wò. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà kí ẹ tó rán ọmọ kankan. Ọmọ tó bá ń kọ iye owó sínú ìwé láàárín ọjà, ẹ̀rù owó-orí ló ń dá ba àwọn tó ń tajà. Ìyá oníẹ̀wà kan sọ fún àwọn tiwa pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá ṣe ọlọ́pàá lé mi lórí?" Ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa, ìṣirò la fẹ́ fi ṣe, a ò ní kọ orúkọ yín." Òfin tí à ń tẹ̀ lé nìyẹn títí dòní: orúkọ ọjà ni a ń kọ, orúkọ ẹni tó ń tà kì í sí níbẹ̀.

Wọ́n á ra kóńgò kan nínú ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tí ẹgbẹ́ òbí dá. Wọ́n á padà wá wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, nítorí ìdí kóńgò òmíràn ti wọnú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú Google Sheets, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí dátà bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀: òpó A jẹ́ ọjọ́, B ọjà, C ohun tí wọ́n rà, D iye owó, E ìwúwo ní kílò. Nínú F, kí wọ́n kọ =D2/E2, iye tí kílò kan jẹ́ á jáde.

Ká ní kóńgò ìrẹsì jẹ́ ₦3,000 ní ọjà kan, tó sì wọn kílò 1.5; ₦2,000 ni kílò kan. Ní ọjà kejì wọ́n ń tà á ní ₦2,800, gbogbo ayé á ní ibẹ̀ ló dínwó. Ṣùgbọ́n kílò 1.3 ló wọ̀n, kílò kan wá jẹ́ ₦2,154. Ẹ wo ojú ọmọ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpín tó ti ń kọ́ láti pámárì fọ́ọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tó ń gba owó padà fún ìyá rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ yòókù ti ń wọlé. Ti ètò ọrọ̀-ajé á béèrè ìdí tí ẹ̀wà fi gbówó lórí nígbà tí àgbàdo ń wálẹ̀: ìkórè ni, àbí owó ọkọ̀, àbí Iléyá? Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ á ṣàlàyé ìgbà tí èwo ń jáde. Ti Yorùbá á ní kí wọ́n kọ ìròyìn ìdajì ojú ewé, ti Gẹ̀ẹ́sì náà á gba tirẹ̀, a ó sì lẹ méjèèjì mọ́ pátákó tó kọjú sí géètì. Àwọn ìyá ń dúró kà á. Àwọn oníṣòwò kan náà ti ń rán ọmọ wá wò ó kí wọ́n tó lọ ra ọjà. Ìsọfúnni tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kó jọ ti ń darí owó nínú ìlú.

Òfin kan kò ṣeé tẹ̀: àyè tó bá ṣófo, kó ṣófo. Bí òjò bá rọ̀ tí wọn ò lè lọ, wọn ò gbọ́dọ̀ fi "á tó bẹ́ẹ̀" kún un. Nígbà tí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà àbá kan, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ò wúlò mọ́. Èmi a máa le lórí ìyẹn ju lórí kí wọ́n jẹ́ kí fóònù já bọ́ lọ.

Ẹ lè fi irú iṣẹ́ yìí ṣe nǹkan mìíràn tó jẹ́ tìlú yìí. A fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ bí wọ́n ṣe ń pò aró ẹ̀lú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláàdìrẹ. Ìmọ̀ tó ń mú owó wọlé ni, ó sì ní ẹni tó ni ín. Torí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá náà ohun tí ẹ lè kọ àti ohun tí kò fẹ́ kó jáde, kí ọmọ tó mú báírò. Bákan náà, ẹ má gbé àwòrán ọmọ tàbí orúkọ rẹ̀ sórí Facebook láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ síwèé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Kó má baà kú

Àwọn ọmọ ni kó máa tún un ṣe. Mo máa ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń kọ́ mẹ́rin nínú wọn bí a ṣe ń fi mítà wọn bátìrì, bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì nu ẹnu ṣájà, bí a ṣe ń pààrọ̀ gíláàsì. Àwọn méjì nínú mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ SS1, kí iṣẹ́ má baà tán lọ́jọ́ tí SS3 bá jáde. Kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀: fóònù wo, kí ló ṣe é, ta ló tún un ṣe.

Tí ìsinmi gígùn bá dé, ẹ jẹ́ kí bátìrì gba iná kún, kí ẹ yọ wáyà fóònù, ṣùgbọ́n ẹ fi páńẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀ sílẹ̀ lára bátìrì. Bátìrì ásíìdì tó bá gbẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ máa lọ ra òmíràn ni. Ẹ gbé fóònù sínú ike tó ní ìdérí, ibi tí eku ò lè dé wáyà wọn.

Bí ilé-ìwé mìíràn bá ní àwọn náà fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà fa ẹ̀kọ́ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kolibri lè da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí fláàṣì, kí Kolibri mìíràn sì gbà á lára rẹ̀. Èyí tí a fà ìlà sí fún táàmù kan wọ fláàṣì 64 GB. Kí wọ́n mú tiwọn wá sí Ọláìyá, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méje alẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú.